Ohun Tí Ó Farapamọ́ Sínú Ojúlé Méjìlá: Èrò Àwọn Atayò Nípa Ayò Ọlọ́pọ́n

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ni í jó o, ọ̀mọ̀ràn ni í sì í mọ̀ ọ́n. Òwe yìí bá ayò ọlọ́pọ́n mu ju ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn lọ. Bí ènìyàn bá ń gba Arámọ̀kọ-Èkìtì kọjá láti Adó-Èkìtì lọ sí Ìta-Awúre, tí ó sì rí àgbàlagbà méjì tí wọ́n kọjú sí ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lábẹ́ ibòji igi, ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí kò ju pákó tí a gbẹ́ ihò sí àti kóró wẹ́wẹ́ tí ọwọ́ ń kó, tí ọwọ́ ń jù sílẹ̀. Yóò gbọ́ ariwo, yóò gbọ́ ẹ̀fẹ̀, yóò gbọ́ èébú tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Lójú tirẹ̀, eré lásán ni wọ́n ń ṣe, yóò sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ ohun tí ojú nìkan kò lè mọ̀ kò jìnnà sí ibẹ̀. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, tí Arámọ̀kọ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni ìsun omi Ìkògòsì wà, níbi tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti omi tútù ti pàdé ara wọn. Ẹni tí ó dúró lókèèrè yóò rí omi. Ẹni tí ó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni yóò mọ èyí tí ó gbóná yàtọ̀ sí èyí tí ó tutù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ayò rí.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi yéni ni pé òfin ayò kò ju ohun tí a lè kọ sí ojú-ìwé kan lọ, ṣùgbọ́n ìjìnlẹ̀ rẹ̀ kò sí nínú òfin náà. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta á ni ìjìnlẹ̀ náà wà, nínú ohun tí wọ́n ń rò àti ohun tí wọ́n ń sọ nídìí ọpọ́n. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ó mọ òfin ayò sórí, tí kò jókòó nídìí ọpọ́n rí, kò tíì mọ ayò. Olùkọ́ tí ó bá sì kọ́ ọ báyẹn kò tíì kọ́ ọ.

Òfin Eré Náà Ní Ṣókí

Ọpọ́n ayò ní ìtò méjì, ojúlé mẹ́fà ni ó sì wà ní ìtò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni a ó kó sínú ojúlé kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ yóò fi jẹ́ 48. Kóró igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni ọmọ ayò. Ó le, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí eérú. Níbi tí kò bá sí, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí èkùrọ́ a máa rọ́pò rẹ̀. Bí àwọn ọmọdé kò bá sì rí ọpọ́n, wọn a gbẹ́ ihò méjìlá sílẹ̀, eré bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí iléeṣẹ́ ńlá kan tí ó ṣe é, kò sí ẹni tí ń gba owó lórí rẹ̀, kò sì sí ìwé ìlànà tí a ń rà pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹni méjì ni í ta ayò. Ẹni tí ó bá kàn yóò kó gbogbo ọmọ inú ojúlé kan ní apá tirẹ̀, yóò máa jù wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àwọn ojúlé tí ó tẹ̀ lé e ní ọwọ́ ọ̀tún, yóò sì yí wọ apá ẹnìkejì bí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ tí ó gbẹ̀yìn bá bọ́ sí ojúlé ẹnìkejì, tí ó sì sọ iye ọmọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, atayò ti jẹ ẹ́. Bí ojúlé tí ó ṣáájú èyí náà bá ti di méjì tàbí mẹ́ta, yóò jẹ ìyẹn pẹ̀lú, títí yóò fi kan èyí tí kò ṣeé jẹ. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ni ó borí. Bí ó bá di 24 sí 24, wọ́n ta ọ̀mì nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń lò lónìí fún bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá.

Òfin yìí kò rí bákan náà níbi gbogbo. Bí a ṣe ń ṣe é ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Irú ayò kan wà tí ó jẹ́ pé ibi tí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí ni a ó tún ti kó ọmọ, tí a ó máa ta á lọ títí ọmọ ìkẹyìn yóò fi bọ́ sí ojúlé òfìfo. Irú tí a fi méjì àti mẹ́ta jẹ ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa tọ́ka sí.

Èrò Kìíní: Pé Eré Àwọn Aláìníṣẹ́ Ni

Èrò tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nípa ayò, ẹnu àwọn tí kì í ta á ni ó ti ń jáde. Wọ́n ní eré àwọn arúgbó tí kò ní ohun tí wọn yóò ṣe mọ́ ni. Wọ́n a máa fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀ pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́.

A kò gbọdọ̀ sọ pé kò sí òótọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ wọn. Bí ọkùnrin tí oko rẹ̀ kún fún igbó bá jókòó ti ọpọ́n láti òwúrọ̀, àwọn atayò fúnra wọn ni yóò kọ́kọ́ bá a wí. Ṣùgbọ́n ní àwùjọ àgbẹ̀ bí ti ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, níbi tí iṣu àti kòkó ti ń gba agbára ènìyàn, ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí oko ti jáde, ni àkókò ayò. Ara ni ó ń sinmi nígbà náà, ọpọlọ kò sinmi. Àwọn atayò gbà pé ẹni tí ó bá wá sídìí ọpọ́n láti wá fi ọkàn rẹ̀ sùn yóò di òpè kí oòrùn tó wọ̀.

Èrò Kejì: Pé Orí Ni Ó Ń Ta Á

Èrò kejì jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ayò. Nígbà tí wọ́n bá pàdánù, wọn a ní orí ni ẹnìkejì fi ta á, pé ọjọ́ kò bá àwọn mu. Ó yé ènìyàn ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ojúlé tí ó ṣófo ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ti kún. Èyí tí ó kún ti di òfìfo. Ọwọ́ ọ̀ta ti gbá ọmọ méje lọ kí òpè tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ayò ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ eré tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe nìyí. Nínú lúdò, ọmọ ayò onígun mẹ́fà tí a ń jù ni ó ń pàṣẹ. Nínú wọ́ọ̀tù, ẹnikẹ́ni kò mọ káàdì tí ó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ní ti ayò, gbogbo ọmọ 48 ni ó wà ní gbangba. Kò sí ohun tí a ń jù, kò sí ohun tí a fi pamọ́, ohun tí ọ̀ta rí náà ni òpè rí. Bí ẹnìkan bá borí, kò sí ibòmíràn tí ó ti rí agbára ju inú orí ara rẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀ta mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi gba àwíjàre lẹ́nu ẹni tí wọ́n bá nà. Ní ọjọ́ tí òpè bá dákẹ́ àtimáa dárúkọ orí, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, "Ojúlé wo ni mo ṣí sílẹ̀ fún un?", ọjọ́ náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ayò.

Èrò Kẹta: Pé Ìṣirò Ni

Àwọn tí wọ́n ti gòkè díẹ̀ gbà pé ìṣirò ni ayò. Èrò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ká ní a fi 1 dé 6 pe àwọn ojúlé atayò kan láti òsì sí ọ̀tún, tí a sì fi 7 dé 12 pe ti ẹnìkejì bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn yí ọpọ́n ká. Bí ọmọ mẹ́rin bá wà ní ojúlé 5, ọ̀kan yóò bọ́ sí 6, ọ̀kan sí 7, ọ̀kan sí 8, èyí tí ó gbẹ̀yìn yóò sì bọ́ sí 9. Bí 9 bá ti ní méjì tẹ́lẹ̀, ó ti di mẹ́ta nìyẹn. Bí 8 àti 7 bá ti ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn náà ti di méjì-méjì. Ọmọ méje ni atayò yóò jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí 8 bá ti ní mẹ́rin tẹ́lẹ̀, yóò di márùn-ún, yóò sì dènà. Mẹ́ta péré ni atayò yóò rí jẹ, ojúlé 7 yóò bọ́.

Ìṣirò yìí kò le púpọ̀. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Ohun tí ó le ni pé ẹnìkejì náà ń ṣe tirẹ̀, ó sì ti rí ojúlé 5 yẹn. Ó lè kó ọmọ inú 9 kúrò kí a tó dé ibẹ̀. Ó lè fi ọ̀kan kún un kí ó lè kọjá iye tí à ń jẹ. Ọ̀nà kẹta sì wà, èyí tí òpè kì í rò: ó lè ta ayò láti apá tirẹ̀ kí ọmọ kan bọ́ sí ojúlé 5 náà. Mẹ́rin á di márùn-ún. Ẹni tí ó ń lépa 9 yóò wá ré e kọjá sí 10. Ẹ̀bùn ọmọ kan ṣoṣo ni ó fi gba idà lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ bẹ́ ẹ lórí. Nígbà tí òpè bá rí i pé ọ̀ta ń fún òun ní ọmọ, inú rẹ̀ a dùn. Àwọn òǹwòran tí wọ́n mọ̀ ọ́n a sì bú sẹ́rìn-ín.

Òmíràn tún ni odù, ìyẹn ojúlé tí a ti kó ọmọ jọ sí títí wọ́n fi pé méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Odù a máa yí ọpọ́n ká, a sì máa fo ojúlé tí a ti kó o. Bí ọmọ 14 bá wà ní ojúlé 6, mẹ́fà yóò kọ́kọ́ bọ́ sí 7 dé 12, márùn-ún sí 1 dé 5, a ó fo 6, mẹ́ta tí ó kù yóò sì bọ́ sí 7, 8 àti 9. Ká ní òfìfo ni ojúlé mẹ́ta wọ̀nyí tẹ́lẹ̀: méjì-méjì ni wọ́n dà báyìí, ọmọ mẹ́fà ti wọlé. Ẹni tí ó kó ojúlé rẹ̀ dànù nítorí àtisá fún ìjẹ, ibi tí ó rò pé ewu kò sí ni ewu ti bá a. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ́ odù pẹ̀lú kò lè fi ọwọ́ kan ojúlé náà fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ tí yóò fi ta á yóò máa dín kù, bí ẹnìkejì bá sì mọ̀ pé odù ni ó ń kọ́, yóò gbìyànjú láti fi ọ̀kan kún un kí kíkà rẹ̀ lè yẹ̀. Ìgbà wo ni ó yẹ kí a tú odù? Lórí ìbéèrè yìí, èrò àwọn ọ̀ta kò ṣọ̀kan. Àwọn kan gbà pé bí ó bá ti pé, kí a tú u. Àwọn mìíràn gbà pé ìbẹ̀rù rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ju títú rẹ̀ lọ.

Èrò Kẹrin: Pé Ìwà Ni

Àwọn tí wọ́n ti dàgbà sídìí ayò kì í sábà pè é ní ìṣirò. Ìwà ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rí wọn pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni òfin tí ó ní a kò gbọdọ̀ fi ebi pa ẹnìkejì. Bí apá ẹnìkejì bá ṣófo pátá, tí ẹni tí ó kàn sì ní ojúlé tí ó lè fi bọ́ ọ, ó di dandan kí ó bọ́ ọ. Òpè a máa rí òfin yìí bí ìyà: ta ni í fún ọ̀tá ní oúnjẹ? Àwọn àgbà ní òun gan-an ni ayò. Bí ẹnìkejì kò bá ní ohun tí yóò ta, eré ti parí, kò sì sí ẹni tí a ó borí mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ borí gbọ́dọ̀ fi ẹnìkejì sílẹ̀ láàyè.

Ẹ̀kejì ni sùúrù. Ẹni tí ó bá rọra pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ojúkòkòrò ni ó ń mú kí atayò jẹ méjì lónìí kí ó sì pàdánù mẹ́jọ ní ìgbà tí yóò kàn án tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kẹta ni ìfaradà. Nídìí ọpọ́n, ẹni tí ó mọ ayò ta ni ọ̀ta, ẹni tí a bá nà ni òpè, kò sì sí bí irun orí rẹ̀ ti lè funfun tó. Ọ̀dọ́mọkùnrin lè fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, kí àwọn òǹwòran sì gbè é, nítorí pé ọpọ́n ti fún un ní àyè. Ní kété tí wọ́n bá dìde, ọ̀wọ̀ padà sí ipò rẹ̀. Ẹni tí ó ń pe bàbá ní òpè lẹ́ẹ̀kan ni yóò dọ̀bálẹ̀ kí ó tó kọjá. Ẹni tí kò bá lè gba èébú ọpọ́n, tí ó gbé ìbínú rẹ̀ délé, àwọn atayò a ní kò mọ ayò, bí ó bá tilẹ̀ borí.

Ohun Tí Àwọn Onímọ̀ Òde Òní Rí

Ó ṣe é ṣe kí ẹnìkan rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nípa ìjìnlẹ̀ ayò, àsọdùn ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá rí nígbà tí wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ìbátan ayò pọ̀ káàkiri. Oware ni wọ́n ń pè é ní Ghana, awalé ni wọ́n ń pè é ní Ivory Coast. A gbé e kọjá òkun ní ayé òwò ẹrú, wọ́n sì ń ta á títí di òní ní Antigua àti Barbados, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti ń jẹ́ warri. Àwọn tí a já gbogbo nǹkan gbà lọ́wọ́ wọn kò ní ọpọ́n tí wọn yóò gbé sínú ọkọ̀ ojú omi. Inú orí ni wọ́n gbé eré náà sí.

Ní ọdún 1995, onímọ̀ ìṣirò méjì, Duane Broline àti Daniel Loeb, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tí orúkọ ayò wà nínú àkọlé rẹ̀. Wọ́n yẹ ìparí eré wò, níbi tí atayò kan ti lè máa jẹ ní gbogbo ìgbà tí ó bá kàn án, tí ẹnìkejì kò sì lè dí i lọ́wọ́. Wọ́n fi wé irú eré kan tí ẹnìkan ṣoṣo ń ta. Nígbà tí wọ́n ṣírò iye ọmọ tí ó yẹ kí ó wà bí ojúlé ti ń pọ̀ sí i, wọ́n bá páì pàdé níbẹ̀, nọ́ńbà kan náà tí ọmọ iléèwé fi ń wá àyíká òbìrípo. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé nọ́ńbà òbìrípo farahàn nínú kóró àti ihò bí kò bá wo inú rẹ̀.

Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Yunifásítì Vrije ní ìlú Amsterdam lo kọ̀ǹpútà alágbára kan, tí ẹ̀rọ ìṣirò 144 para pọ̀ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, láti tú awari, èyí tí a ń fi méjì àti mẹ́ta jẹ bíi ti ayò tí àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé. Ipò ọpọ́n 889,063,398,406 ni wọ́n yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn tí ẹ̀rọ náà mú wá ni pé bí ẹni méjì bá ta á láìṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni yóò já sí.

Ó yẹ kí èyí mú olùkọ́ ronú. Nígbàkígbà tí ó bá kan atayò, ojúlé tí ó lè kó kò ju mẹ́fà lọ. Láti inú mẹ́fà-mẹ́fà yìí ni ohun tí ó gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti jáde. Ohun tí ẹ̀rọ náà rí kò sì pa eré náà, nítorí kò sí orí ènìyàn tí ó lè gba ipò tí ó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ayò tán kò ṣàsọdùn.

Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Ti Kan Olùkọ́ Yorùbá

Ayò ọlọ́pọ́n wà lára eré ìdárayá tí à ń kọ́ ní iléèwé sẹ́kọ́ńdìrì, àwọn tí ń gba ìwé ẹ̀rí NCE nínú èdè Yorùbá sì ń kà nípa rẹ̀. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ láti kọ́ ọ ni kí olùkọ́ ya ọpọ́n sí ojú pátákó, kí ó kọ iye ojúlé àti iye ọmọ síbẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ dà á kọ, kí ó sì tún un kọ ní ọjọ́ ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lè gba máàkì tí ó pé láì fi ọwọ́ kan ọmọ ayò rí. Lọ́jọ́ iwájú, òun ni yóò di olùkọ́, ohun tí ó dà kọ ni yóò sì tún yà sí ojú pátákó. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìran méjì, àwòrán ọpọ́n ni yóò kù, ayò yóò ti lọ.

Àdánù tí ó wà níbẹ̀ ju ti eré lọ. Ìdí ọpọ́n jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí èdè ti ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tí ó pè é sí iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀, òwe, àpárá àti èébú alárinrin ti ń jáde ní wéréwéré, ní ẹ̀ka-èdè Èkìtì pọ́nńbélé, kì í ṣe ní Yorùbá àjùmọ̀lò inú ìwé. Bí ọ̀ta bá kú, tí ọpọ́n rẹ̀ sì wà ní kọ̀rọ̀ ilé, kì í ṣe ọgbọ́n ayò nìkan ni ó bá a lọ. Ohùn tí ó fi ń ta á ti lọ pẹ̀lú.

Ohun tí a lè ṣe kò gbówó lórí. Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì kò ṣe aláìní gbẹ́nàgbẹ́nà. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni ilé Agbọ́nbíọ̀fẹ́, ẹni tí òpó tí ó gbẹ́ sí ààfin ibẹ̀ mú kí orúkọ rẹ̀ kàn dé òkè òkun kí ó tó kú ní ọdún 1945. Ṣùgbọ́n bí owó ọpọ́n kò bá sí, páálí ẹyin wà. Páálí ẹyin tí ó gba ọgbọ̀n ẹyin ní ìtò márùn-ún, mẹ́fà sì ni ìtò kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gé ìtò méjì-méjì, páálí kan yóò fún wa ní ọpọ́n méjì. Òkúta wẹ́wẹ́ 48 fún ọpọ́n kọ̀ọ̀kan, kíláàsì ti ṣe tán.

Lẹ́yìn èyí, kí ẹ̀ka Yorùbá pe àwọn bàbá tí wọ́n mọ̀ ọ́n ta ní àdúgbò wá jókòó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n má pè wọ́n wá sọ àsọyé. Kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n ta ayò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ó béèrè ìdí tí bàbá fi kó ojúlé yìí tí kò fi kó èyí. Ní ìdánwò, kí apá kan jẹ́ títa: kí akẹ́kọ̀ọ́ ta ayò, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ìdí ohun tí ó ṣe. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kò sí ohun kan nínú òfin ayò tí ó bèèrè bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ọwọ́ tí ń kó o. Ayò ti wà lára eré ìbílẹ̀ tí a ń fi díje ní Ìdíje Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ta dáadáa kò ṣiṣẹ́ lásán.

Àwọn Àtakò Tí Ó Yẹ Kí A Dáhùn

Olùkọ́ kan lè ní àkókò kò sí. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ tí ó wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n àkókò tí a fi ń ya ọpọ́n sí ojú pátákó tó láti kó òkúta sínú páálí.

Òbí kan lè bẹ̀rù ọ̀rọ̀ bí ọpọ́n àti odù, kí ó rò pé ẹ̀sìn ni a fẹ́ fi kọ́ ọmọ òun. Kí olùkọ́ má fi òbí bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ó ṣàlàyé pé ọpọ́n ayò yàtọ̀ sí ọpọ́n Ifá, àti pé ọ̀rọ̀ kan lè ní iṣẹ́ méjì nínú èdè. Onígbàgbọ́ ń ta ayò, Mùsùlùmí ń ta á, oníṣẹ̀ṣe ń ta á, wọ́n sì ń pe ara wọn ní òpè lórí rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní tẹ́tẹ́ ni yóò bí. Tẹ́tẹ́ ti wà káàkiri ìgboro láìsí ayò, lórí bọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀dọ́ kò gbá. Eré tí kò sí àfẹ̀sì nínú rẹ̀, tí ó ń kọ́ ọmọ pé ohun tí òun ṣe ni ó fa ohun tí ó bá òun, lè jẹ́ ògùn fún ìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò sì ní ayò ti wà lórí fóònù. Kò burú. Fóònù lè fi òfin han ẹni tí kò ní alábàátayò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ó ń bá a ju ọmọ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò kọ́ bí a ṣe ń fi ìwúwo mọ iye ọmọ; kò sí òǹwòran, kò sí ẹ̀fẹ̀, kò sí ẹni tí ó pè é ní òpè ní èdè ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí a ràn án lọ́wọ́ dé ìdí ọpọ́n.

Ìkádìí

Èrò mẹ́rin ni a gbé yẹ̀ wò. Ẹni tí kò ta á rí ní eré aláìníṣẹ́ ni. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní orí ni. Ẹni tí ó gòkè díẹ̀ ní ìṣirò ni. Ẹni tí ó pẹ́ nídìí rẹ̀ ní ìwà ni. Ohun tí ó hàn gbangba ni pé bí ènìyàn bá ṣe ń súnmọ́ ọpọ́n tó ni èrò rẹ̀ ṣe ń jinlẹ̀ tó. Ohun tí àgbàlagbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé bá gun igi, kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ní ti ayò, ọmọdé lè jókòó ti àgbàlagbà kí ó sì rí i pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà ní Arámọ̀kọ, ní Ìjerò, ní Ẹ̀fọ̀n. Wọn kò ní wà títí láé. Kí ẹ̀ka Yorùbá kọ̀ọ̀kan kó páálí àti òkúta jọ nísinsìnyí tí ọ̀ta ṣì wà tí yóò pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òpè. Kò sí ọ̀ta kan tí kò gbọ́ orúkọ yẹn rí kí ó tó mọ̀ ọ́n ta.